Bí ẹ ṣe lè darí fáànù laptop kí ooru rẹ̀ lè rọlẹ̀

Gbogbo iná tí CPU (ọpọlọ laptop) àti GPU (èyí tó ń ya àwòrán ojú ẹ̀rọ) bá jẹ ló ń di ooru, ooru náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Fáànù kò lè mú ohunkóhun tutù fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti abẹ́ ẹ̀rọ, ó ń fẹ́ ẹ gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀pá bàbà ń gbé ooru wá bá, ó sì ń lé e jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí laptop kò fi lè tutù ju yàrá tó wà lọ, bó ti wù kí fáànù sáré tó.

Ní ọ̀pọ̀ laptop, Windows tàbí Linux kọ́ ló ń pinnu bí fáànù ṣe máa sáré. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lórí motherboard, pátákó ńlá inú laptop tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní embedded controller. EC ni a ó máa pè é níhìn-ín. EC ń ka ìwọ̀n ooru lóòrèkóòrè, ó sì ń yẹ tábìlì kan wò tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop ti kọ sílẹ̀ fún un: bí ooru bá dé ibí, kí fáànù yí báyìí. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ kí laptop dákẹ́ jẹ́ẹ́, nítorí náà tábìlì ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi fáànù sílẹ̀ kó sùn títí ooru yóò fi ga, kó tó ta jí lójijì, kó sì máa hó. Ìwà yẹn gan-an ni ẹ fẹ́ yí padà. Ẹ fẹ́ kí fáànù tètè jí, kó sì máa gun òkè díẹ̀díẹ̀.

Èyí sàn ju kéèyàn gbé e sí 100% láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ. Bí eré fáànù bá di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ tó ń gbé yóò di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n iná tí fáànù fúnra rẹ̀ ń jẹ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ, ariwo rẹ̀ yóò sì ga gan-an. Àárín ìwọ̀n ni èrè tó dára jù wà. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé òkè pátápátá, ariwo tó ń kún un máa ń ju ooru tó ń bọ́ kúrò lọ.

Mo to àwọn ìgbésẹ̀ yìí láti orí èyí tí kò léwu rárá dé orí èyí tó gba ìṣọ́ra. Ẹ tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe tò, ẹ sì dúró níbi tí ooru náà bá ti rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní nílò ìdajì wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iye tí ooru náà jẹ́

Ọwọ́ tí a gbé lé ara laptop kò tó láti fi wọn ooru. Ara ẹ̀rọ lè gbóná nítorí pé fáànù ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó ń lé ooru síta. Ó sì lè tutù nígbà tí CPU ń jó nínú nítorí pé ooru kò rí ọ̀nà jáde. Nọ́ńbà ni ẹ nílò.

Lórí Windows, ẹ lo HWiNFO64. Bí ó bá ṣí, ẹ mú Sensors-only, kí ẹ sì wá ìlà CPU Package bí ẹ bá ń lo Intel, tàbí Tctl/Tdie bí ẹ bá ń lo AMD. Ìlà tó ń fi eré fáànù hàn máa ń ní RPM lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí fáànù yí ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn laptop kan wà tí ilé-iṣẹ́ wọn kò jẹ́ kí ètò mìíràn rí RPM yìí. Bí ẹ kò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé fáànù yín kú. Ẹ fi etí gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ wo afẹ́fẹ́ tó ń jáde. LibreHardwareMonitor náà dára, kò sì nira.

Lórí Linux, ẹ fi lm-sensors sórí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà:

sudo sensors-detect
watch -n 2 sensors

Lórí Mac, Macs Fan Control máa ń fi ìwọ̀n ooru àti RPM hàn lójú kan náà.

Ẹ wá dán an wò báyìí. Ẹ fi laptop sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 láìṣe iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀, kí ẹ kọ ìwọ̀n ooru àti RPM sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù nínú èyí tí ẹ ń fi í ṣe gan-an fún ìṣẹ́jú 20, yálà géèmù ni tàbí àtúntò fídíò tàbí ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n tó ga jù sílẹ̀. Ẹ kọ ibi tí laptop wà àti bóyá ó wà lórí iná. Ìwé yìí ni ẹ ó máa fi ṣe ìfiwéra lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó ràn án lọ́wọ́, kò sì ní mọ èyí tó yẹ kó dá padà.

Bí a ṣe ń ka nọ́ńbà náà rèé. Bí laptop bá ń sinmi, 40 sí 55°C kò burú. Lábẹ́ iṣẹ́, 70 sí 85°C kò yẹ kó dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ CPU Intel fún laptop ní ààlà 100°C. Ti AMD sábà máa ń wà láàárín 95 àti 105°C. Bí ooru bá kan ààlà yẹn, CPU fúnra rẹ̀ yóò dín eré rẹ̀ kù, laptop yóò sì máa fà. Bí ooru bá ṣì ń ga lẹ́yìn ìyẹn, yóò kú lójijì láti dáàbò bo ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 95°C fún ìṣẹ́jú àáyá méjì nígbà tí ẹ ṣí ètò ńlá kan, ẹ má bẹ̀rù, CPU ló kàn gbé eré rẹ̀ sókè fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó yẹ kó kàn yín ni bó ṣe ń pẹ́ tó lókè 90°C. Ooru tó bá ń jókòó síbẹ̀ fún wákàtí máa ń ran àwọn aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú, bátìrì sì ni ó ń pa lára jù, torí bátìrì lithium-ion máa ń tètè gbó nínú ooru.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́

Fáànù tí ihò rẹ̀ dí dà bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò nímú tí wọ́n wá ní kó sáré. Bí ẹ bá gbé eré rẹ̀ sókè láìṣí ọ̀nà, ariwo nìkan ni ẹ ó gbọ́.

Ẹ gbé laptop kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí tàbí itan. Orí tábìlì tó le ni kó wà. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì ti tó, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé lábẹ́. Ìwọ̀nyí nìkan máa ń mú ìwọ̀n díẹ̀ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Pátákó aláfáànù tí wọ́n ń gbé sábẹ́ laptop wúlò bí ihò afẹ́fẹ́ laptop bá wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́ tí fáànù pátákó náà sì kọjú sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gíga tó fún laptop ni gbogbo àǹfààní rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni eruku. Ẹ pa laptop pátápátá, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ sì lo agolo afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀. Ẹ gbé agolo náà dúró ṣánṣán, ẹ má dà á délẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi tútù rẹ̀ yóò tú sínú ẹ̀rọ. Ẹ máa fẹ́ ẹ ní kúkúrú kúkúrú. Bí ẹ bá lè ṣí ìdí laptop, ìyẹn ló dára jù, torí eruku tó ń dí ọ̀nà kì í sábà wà lára fáànù. Àárín fáànù àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń wà, yóò ti di bí aṣọ onírun níbẹ̀, àtìta kò sì lè yọ ọ́. Ẹ tú wáyà bátìrì kúrò lára motherboard kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ sì fi ìka tàbí igi kékeré di abẹ fáànù mú kó má yí bí ẹ ti ń fẹ́ ẹ. Fáànù tí afẹ́fẹ́ agolo bá ń mú yí ní ìyíkúyìí lè ba ìdí tó ń yí lé lórí jẹ́. Bí ẹ kò bá tíì ṣí laptop rí, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lórí Windows kí Task Manager ṣí, kí ẹ tẹ orí òpó CPU, kí ẹ wo ohun tó ń jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan. Ojú ewé browser kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ lè gbé ooru ga ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ń ta géèmù, ẹ fi ààlà 60 sí iye àwòrán rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. GPU tí kò bá ní ààlà máa ń ṣiṣẹ́ dé gbogbo agbára rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú yín kò rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi sí i

Mo fẹ́ràn ìgbésẹ̀ yìí ju gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e lọ, torí EC ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ní èdè tó gbọ́. Ẹ kò fipá gba fáànù lọ́wọ́ rẹ̀. Tábìlì mìíràn ni ẹ ní kó lò.

Lórí ọ̀pọ̀ Lenovo, ẹ tẹ Fn àti Q pọ̀, yóò sì máa yí láti ìwà kan sí òmíràn. Lórí Legion, ìyẹn laptop géèmù Lenovo, iná bọ́tìnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ yóò fi hàn yín: búlúù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, funfun ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, pupa ni agbára. Lenovo Vantage náà ní i nínú. Ti ASUS wà nínú MyASUS. Fún ROG àti TUF, ìyẹn laptop géèmù ASUS, Armoury Crate ni, Fn pẹ̀lú F5 sì ni ọ̀nà àbùjá rẹ̀. Ìwà Manual inú Armoury Crate, níbi tó bá wà, máa ń jẹ́ kí ẹ fi mouse fa ìlà eré fáànù fúnra yín, ìyẹn ni pé ẹni tó ní i kò nílò ètò àjèjì kankan mọ́. Acer ní NitroSense àti PredatorSense, MSI ní MSI Center pẹ̀lú Cooler Boost tó ń gbé fáànù sókè pátápátá. Dell ní My Dell tàbí Dell Power Manager. Nínú apá Thermal, ẹ mú Cool bí ooru bá jẹ́ ìṣòro yín. Cool máa ń gbé fáànù sókè, ó sì tún ń dín agbára CPU kù, ara laptop á tutù, iṣẹ́ á sì falẹ̀ díẹ̀. Ultra Performance náà ń gbé fáànù sókè, ṣùgbọ́n ooru púpọ̀ sí i ló fi ń ṣe é. Ohun kan náà ni kí ẹ fi sọ́kàn lórí gbogbo laptop: ìwà agbára kì í ṣe ìwà ìtutù.

Ọ̀pọ̀ HP ní ìlà Fan Always On nínú BIOS, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣí sílẹ̀, fáànù yóò máa yí jẹ́jẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lórí iná. Ẹ ṣí i bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pátápátá kò bá ṣe pàtàkì fún yín, torí fáànù tó ń yí jẹ́jẹ́ láìdúró kì í jẹ́ kí ooru kó jọ. Láti wọ BIOS, ẹ máa tẹ bọ́tìnì léraléra bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ: F10 lórí HP, F2 lórí Dell, ASUS àti Acer, F1 lórí ThinkPad.

Ẹ tún lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe laptop yín, kí ẹ wò ó bóyá BIOS tuntun wà. Ilé-iṣẹ́ máa ń tún tábìlì fáànù ṣe nínú rẹ̀, láìkéde rẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi ṣájà sí i, kí ẹ má sì pa á títí yóò fi parí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: inú Windows

Ẹ ṣí Control Panel, Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings, Processor power management. Ìlà méjì ló kàn wá níbẹ̀.

Èkíní ni System cooling policy. Active túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbé fáànù sókè kó tó dín eré CPU kù. Passive ni òdìkejì rẹ̀: CPU ni yóò kọ́kọ́ dínkù, fáànù yóò tẹ̀ lé e. Lórí iná, ẹ fi Active sí i. Lórí bátìrì, Passive lè dára fún ẹni tó fẹ́ kí bátìrì pẹ́.

Èkejì ni Maximum processor state. Bí ẹ bá gbé e láti 100% sí 99%, CPU kò ní lè fò kọjá eré ìpìlẹ̀ rẹ̀ mọ́ lórí ọ̀pọ̀ laptop, ìfò yẹn sì ni orísun ooru tó tóbi jù. Ìdínkù ooru rẹ̀ máa ń hàn lójú ẹsẹ̀, ó lè ju ti gbogbo ìyípadà fáànù lọ. Iṣẹ́ yóò falẹ̀ o. Fún ẹni tó ń kọ̀wé, tó ń wo fídíò, tó sì ń lo browser, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń túntò fídíò yóò mọ̀ ọ́n gan-an.

Lórí àwọn laptop tuntun kan, ìlà méjèèjì lè fara pamọ́. Ẹ ṣí Terminal gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ kọ ọ́ báyìí:

powercfg /setacvalueindex scheme_current sub_processor SYSCOOLPOL 1
powercfg /setacvalueindex scheme_current sub_processor PROCTHROTTLEMAX 99
powercfg /setactive scheme_current

Bí ẹ bá fẹ́ dá eré CPU padà, ẹ fi 100 rọ́pò 99.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ tábìlì fáànù tiyín

Ibí ni ẹ ti ń gba fáànù lọ́wọ́ EC, ibí náà sì ni ìṣọ́ra ti gbọ́dọ̀ pọ̀. SpeedFan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń dárúkọ ti di ti àtijọ́, kì í sì í rí fáànù ọ̀pọ̀ laptop òde òní. Èyí tí a ṣe fún laptop ni NoteBook FanControl, tí wọ́n ń pè ní NBFC. Ó ń bá EC sọ̀rọ̀ tààrà, ó sì ní fáìlì ètò fún laptop kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ laptop yín ní pàtó. Ẹ tẹ àmì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ msinfo32, kí ẹ ka ìlà System Model. Nínú NBFC, ẹ mú fáìlì tó bá orúkọ yẹn mu láìyẹ̀. Ẹ má ṣe mú èyí tó jọ ọ́. Fáìlì yẹn ló ń sọ ibi tí ètò náà yóò kọ nọ́ńbà sí nínú EC, EC kan náà ló sì ń bójú tó kíbọ́ọ̀dù àti gbígba iná bátìrì lórí ọ̀pọ̀ laptop. Nọ́ńbà tó bá bọ́ sí ibi tí kò yẹ lè da nǹkan mìíràn rú. Bí ti yín kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, kí ẹ sì fi ọkàn balẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Read-only, níbi tí ètò náà ti ń kà nìkan, tí kò sì ń kọ nǹkan kan. Bí ìwọ̀n ooru àti eré fáànù tó ń fi hàn bá bá ti HWiNFO àti etí yín mu, ẹ mú Enabled. Ẹ gbé fáànù sí 100% fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbọ́ bóyá ó gun òkè lóòótọ́, kí ẹ dá a padà sí Auto. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ní ìhà méjèèjì kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáìlì náà fún àtúnṣe. Ipele kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta: ooru tó ń gbé fáànù dé ipele náà, ooru tó ń mú un sọ̀kalẹ̀ kúrò níbẹ̀, àti eré fáànù. Èyí ni mo lè dábàá fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀:

Gòkè ní 0, sọ̀kalẹ̀ ní 0, fáànù 25%
Gòkè ní 55, sọ̀kalẹ̀ ní 48, fáànù 40%
Gòkè ní 65, sọ̀kalẹ̀ ní 57, fáànù 55%
Gòkè ní 74, sọ̀kalẹ̀ ní 66, fáànù 75%
Gòkè ní 82, sọ̀kalẹ̀ ní 75, fáànù 100%

Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Òun ló ń mú kí etí sinmi. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, fáànù yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀kalẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta, èyí sì máa ń bini nínú ju ariwo tó dúró lójú kan lọ. Àlàfo 7 tàbí 8°C dára. Bí fáànù bá ṣì ń fò sókè sódò, ẹ fi kún àlàfo náà kí ẹ tó ronú nípa ohunkóhun mìíràn.

Ẹ tún wo Critical temperature nínú fáìlì kan náà. Ooru tí NBFC yóò ti gbé fáànù sí 100% láìwo tábìlì nìyẹn. 75 ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ipele tó kẹ́yìn nínú tábìlì òkè yìí kò ní rí iṣẹ́ ṣe; ẹ lè gbé e sí 85. Ẹ má ṣe gbé e kọjá 90.

Èèwọ̀ ni kí ẹ mú eré kan tó kéré, kí ẹ sì dì í mọ́ ibẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Laptop tí fáànù rẹ̀ kò lè gòkè mọ́ yóò gbára lé CPU nìkan láti dáàbò bo ara rẹ̀, àwọn ohun mìíràn orí motherboard kò sì ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ètò méjì máa darí fáànù kan. Bí NBFC bá ń ṣiṣẹ́, ẹ yọ ètò mìíràn tó ń fọwọ́ kan fáànù kúrò.

Ohun kan tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Láti oṣù kẹta ọdún 2025 ni Microsoft Defender ti ń pariwo lórí WinRing0, dráífà (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí ètò mìíràn bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) tí ọ̀pọ̀ ètò fáànù àti ètò ìwọ̀n ooru ń lò. Ariwo náà nídìí: àlébù ààbò wà nínú dráífà yẹn tí ẹni ibi lè gbà wọlé, CVE-2020-14979 sì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àlébù náà mọ̀. Ẹ má pa Defender nítorí fáànù. Ẹ wá ẹ̀dà tuntun ètò tí ẹ ń lò, torí àwọn kan ti kúrò lórí WinRing0 lọ sórí dráífà mìíràn tó ń jẹ́ PawnIO. Bí èyí tí ẹ ń lò kò bá tíì kúrò, èmi yóò yan ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe dípò rẹ̀.

Fún àwọn tó ń lo Linux

Kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ti ní ohun kan tó rọrùn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

cat /sys/firmware/acpi/platform_profile_choices

Bí ó bá fi low-power, balanced àti performance hàn, ẹ lè yan èyí tó wù yín, EC yóò sì yí tábìlì rẹ̀ padà. Ìgbésẹ̀ kẹta náà ni, ọ̀nà ló yàtọ̀.

Fún ThinkPad, Linux ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ìlà yìí sínú /etc/modprobe.d/thinkpad_acpi.conf, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ tàn:

options thinkpad_acpi fan_control=1

Ipele 0 dé 7 ló wà, pẹ̀lú auto àti full-speed. Ẹ fi thinkfan sórí rẹ̀, kí ẹ kọ /etc/thinkfan.yaml báyìí:

sensors:
  - tpacpi: /proc/acpi/ibm/thermal
    indices: [0]
fans:
  - tpacpi: /proc/acpi/ibm/fan
levels:
  - [1, 0, 52]
  - [3, 47, 62]
  - [5, 56, 72]
  - [7, 65, 82]
  - ["level full-speed", 76, 32767]

Nọ́ńbà àárín ni ibi tí fáànù yóò ti sọ̀kalẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ni ibi tí yóò ti gòkè sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ẹ rí i pé ìlà kọ̀ọ̀kan wọnú èkejì rẹ̀, nítorí àlàfo tí mo ti sọ. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú sudo thinkfan -n, kí ẹ máa wo ohun tó ń kọ sójú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ pé kó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀:

sudo systemctl enable --now thinkfan

Bí nǹkan bá dàrú, ìlà kan péré ló ń dá fáànù padà fún EC:

echo level auto | sudo tee /proc/acpi/ibm/fan

Fún laptop mìíràn, nbfc-linux ń lo irú fáìlì ètò NBFC kan náà, gbogbo ìkìlọ̀ òkè sì kàn án. Dell ní dell-smm-hwmon nínú kernel, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ Dell, BIOS máa ń gba fáànù padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ti yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Bí pwmconfig, ètò tó ń wá fáànù tí Linux lè darí, bá sọ pé òun kò rí ohun tó ní pwm (ìyẹn fáànù tí òun lè yí eré rẹ̀ padà), ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí laptop jù nìyẹn, kò sí ohun tí ẹ ṣe tó burú.

Lórí Mac

Nínú Macs Fan Control, ẹ mú Sensor-based value dípò Constant value. Ẹ yan sensor CPU, kí ẹ ní kí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní 55°C, kó sì dé òkè pátápátá ní 85°C. Bí ẹ bá parí iṣẹ́ wúwo, ẹ dá a padà sí Auto. MacBook Air tí ó ní M1, tó jáde ní 2020, àti àwọn tó tẹ̀ lé e kò ní fáànù rárá, nítorí náà gíga, afẹ́fẹ́ yàrá àti dídín iṣẹ́ kù nìkan ni ẹ lè lò lórí wọn.

Bí fáànù bá wà lókè tí ooru kò sì rọlẹ̀

Ẹ padà sí ìwé yín, kí ẹ tún ìdánwò ìṣẹ́jú 20 ṣe níbi kan náà, pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà. Bí ooru tó ga jù bá ti wálẹ̀ sí abẹ́ 88°C tí laptop kò sì fà mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí fáànù bá ń hó ní 100% tí CPU sì ń wà ní 95°C, ẹ fi ọwọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde bá gbóná gan-an, ooru ń dé ọ̀dọ̀ fáànù, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún ẹ̀rọ náà. Ẹ dín agbára CPU kù. Bí afẹ́fẹ́ náà bá pọ̀ ṣùgbọ́n tó kàn lọ́wọ́ọ́rọ́, ooru kò kúrò lórí CPU dé ọ̀dọ̀ fáànù rárá. Ẹ fura sí thermal paste tó wà láàárín CPU àti bàbà, ó ti gbẹ tàbí ó ti sá kúrò láàárín. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó nǹkan, eruku ni, tàbí fáànù ti ń rẹ̀.

Yíyí thermal paste padà kò le fún ẹni tó bá ní sùúrù. Ẹ tú síkúrù orí bàbà náà ní ìtòtẹ̀léra nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ fi isopropyl alcohol tó ju 90% lọ nu ti àtijọ́ kúrò lójú méjèèjì, ẹ fi tuntun tó tẹ́ bo ojú CPU láìnípọn, kí ẹ sì dè é padà ní ìtòtẹ̀léra kan náà, díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tó kọjú sí i. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ sì rí ohun tó ń dán bí dígí, tó ń ṣàn bí omi, liquid metal ni. Ó ń gbé iná mànàmáná, ìkán kan ṣoṣo lórí motherboard lè pa laptop. Ẹ dè é padà, kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Fáànù tó ń kú ní ohùn tirẹ̀: ó máa ń han gọọrọ, tàbí kó máa kan nǹkan, tàbí kó nílò kí ẹ̀rọ gbóná gan-an kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò sí ètò tó lè wo irú rẹ̀ sàn. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, nọ́ńbà tó wà lára fáànù ti àtijọ́ ni kí ẹ fi wá a, ẹ má fi orúkọ laptop nìkan wá a, torí laptop kan náà lè ní oríṣi fáànù méjì gẹ́gẹ́ bí GPU tó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ní fáànù òsì àti ti ọ̀tún tí kò jọra. Ẹ ka iye wáyà tó wà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó ra á. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sí i, ẹ dá gbogbo tábìlì padà sí Auto, ẹ tún ìdánwò ṣe, kí ẹ tó pinnu bóyá tábìlì tiyín ṣì pọn dandan.